Ẹ Jẹ́ Kí Ẹyẹ Fò Fúnra Rẹ̀

Bí ẹ bá ń lo Instagram tàbí TikTok dáadáa, ẹ ó ti rí irú fọ́tò yìí: lékèlékè bí ogún, gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà lójú omi, funfun báláú. Ẹ tẹ "like", ẹ kọjá. Ohun tí fọ́tò náà kì í fi hàn ni ọ̀rẹ́ ẹni tó yà á, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń pàtẹ́wọ́, tàbí tó ń sọ òkò sómi kí wọ́n lè fò. Èmi náà máa ń ya ẹyẹ omi, mo sì ti rí i létí ọ̀sà l'Ékòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lójú tèmi, fọ́tò tí a fi ìpayà gbà lọ́wọ́ ẹyẹ kì í ṣe ohun tó yẹ ká máa fi yangàn.

Òfin ni mo kà, ẹ jẹ́ kí n fi òfin ṣàlàyé. Abala 29 nínú Evidence Act ti ọdún 2011 sọ pé bí wọ́n bá fìyà jẹ èèyàn kó tó jẹ́wọ́, ilé ẹjọ́ ò gbọdọ̀ gba ìjẹ́wọ́ náà, kódà kó jẹ́ òótọ́. Ọ̀nà tí a gbà rí ẹ̀rí náà ṣe pàtàkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò. Lóòótọ́ ni ẹyẹ fò, àmọ́ ta ló lé e?

Ẹnìkan á ní, "Ẹyẹ lásán! Ṣebí yóò padà bà?" Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Bí ìyá ẹyẹ bá sá kúrò nínú ìtẹ́, oòrùn á máa pa ẹyin, kannakánná á sì ti wà nítòsí. Àwọn ẹyẹ omi mìíràn tún wà tó ń ti Yúróòpù wá sí etíkun wa lásìkò ọyẹ́, tí wọ́n á sì fò padà kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀rá ara wọn ni epo ìrìnàjò yẹn. Gbogbo ìgbà tí a bá lé wọn fún fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, epo yẹn là ń jó dànù.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé lílé wọn ò wúlò rárá. Kí ni lẹ́ńsì zoom wà fún, bí kò ṣe kí a lè jìnnà síbẹ̀ ká sì ríran? Ẹyẹ máa ń kọjú sí atẹ́gùn kó tó gbéra. Nítorí náà, bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí yín lẹ́yìn, ọ̀dọ̀ yín ló máa fò bọ̀. Ẹ gbé shutter speed sí 1/2000, kí autofocus wà lórí continuous. Ẹ wá ẹyẹ náà rí ní 100mm ná, kí ẹ tó fà á dé 400mm. Bí ẹ bá ti 400mm bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀run òfìfo lẹ máa yà. Nírọ̀lẹ́, lékèlékè ń padà lọ sùn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, láìsí ẹni tó lé wọn. Bí ẹ bá dúró létí ọ̀sà ní UNILAG nígbà yẹn, ẹ̀yìn yín ni oòrùn máa wà, ìmọ́lẹ̀ á sì bọ́ sára ẹyẹ gan-an. Sùúrù ló kù.

Mo gbà pé owó lẹ́ńsì gígùn kì í ṣe kékeré. Ẹni tí kò bá ní in, kó ya ọ̀wọ́ wọn pẹ̀lú àwọsánmà àti omi. Ọ̀pọ̀ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dùn ún wò ju ojú ẹyẹ kan ṣoṣo lọ. Àìní lẹ́ńsì kì í ṣe àwíjàre fún òkò.

Nígbà mìíràn tẹ́ ẹ bá rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tó yìn ín, ẹ bi ẹni tó yà á pé báwo làwọn ẹyẹ yẹn ṣe gbéra. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfarakanra. Etí omi náà tó àwa àti ẹyẹ, bí a bá mọ ibi tó yẹ ká dúró sí.