Bí A Bá Fẹ́ Da Ẹ̀yà Màlúù Pọ̀, Ìyá Ni Kí A Kọ́kọ́ Yàn

Láti oṣù Keje ọdún 2024 tí Ìjọba Àpapọ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn ẹran ọ̀sìn nìkan, ọ̀rọ̀ màlúù kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní Òkè Ọya mọ́. Ẹni tí ó ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìn tì, màlúù ni ó fẹ́ fi owó rẹ̀ rà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà mọ́ ní Kánò, màlúù ni ó ń rò. N kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ ni irú màlúù tí ó yẹ kí ẹni tí agbo rẹ̀ kò ju márùn-ún tàbí mẹ́wàá lọ yàn, àti irú akọ tí ó yẹ kí ó jẹ́ kí ó gùn wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Kàdúná. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ra abo màlúù Búnájì mẹ́fà, àwọn funfun oníwo gígùn tí gbogbo wa mọ̀, ó kó wọn sínú ọkọ̀, ó di ìlú rẹ̀ nínú igbó kìjikìji. Òjò ọdún kan péré ni wọ́n rí níbẹ̀. Kí ìkórè tó dé, mẹ́rin ti gbẹ títí wọ́n fi kú. Àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni. Dókítà ẹran tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní eṣinṣin tsetse ni. Ní oṣù tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n yìí kan náà wá bá mi, ó ní, “Àbúrò mi, ìwọ tí o máa ń túmọ̀ ìwé ìjọba, wọ́n ní màlúù òyìnbó aláwọ̀ dúdú òun funfun a máa fún ni ní wàrà kún garawa. Ṣé kí n fi owó tí ó kù ra méjì?”

Lóòótọ́, iṣẹ́ ògbufọ̀ ni iṣẹ́ mi, n kì í ṣe dókítà ẹran. Ṣùgbọ́n ìwé tí ènìyàn bá túmọ̀, yóò kà á ní àkàtúnkà, yóò sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì béèrè wàrà. Ohun tí yóò pa màlúù níbi tí ẹ fẹ́ so ó mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.”

Àwọn baba wa máa ń wí pé màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Búnájì ní ìrù, ó sì gùn. Ṣùgbọ́n àrùn tí eṣinṣin inú igbó wa ń gbé kiri kì í ṣe ohun tí a ń fi ìrù lé. Màlúù oníké ni Búnájì, ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó gbẹ ni ó bá lára mu. Àwọn tí ó lè gbé inú igbó ni àwọn tí kò ní iké: mùtúrù kékeré tí àwọn bàbá wa ń sìn kí àwọn darandaran tó dé, àti N'Dama tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkè Futa Jalon ní ilẹ̀ Guinea, èyí tí a kó wá sí oko ìjọba ní Fáṣọlá nítòsí Ọ̀yọ́. Kòkòrò àrùn náà lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, síbẹ̀ wọn yóò máa jẹ koríko, wọn yóò máa bímọ. Kétékú tí a ń rí ní apá Bọ̀rgú, ọmọ mùtúrù àti màlúù oníké ni. Ẹ ò rí i pé dída ẹ̀yà pọ̀ kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sin màlúù ní ilé ní gúúsù, N'Dama tàbí kétékú ni kí ó fi ṣe ìyá agbo. Ẹni tí yóò sìn ín ní Sáríà tàbí ní Kàdúná níbi tí ó ń gbé, Búnájì tàbí gudálí ni tirẹ̀. Èmi fẹ́ràn gudálí Ṣókótó: ìwo rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní ẹran, ó sì ní wàrà níwọ̀nba. Ràhájì pupa lẹ́wà lójú, ó sì tóbi, ṣùgbọ́n màlúù alárìnká ni. Kò fẹ́ ilẹ̀ tútù, kò sì fẹ́ kí a sé òun mọ́.

Màlúù òyìnbó tí ẹ̀gbọ́n ń wí ńkọ́? Friesian ni wọ́n ń pè é. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 25 ti Sẹ́ńtígíréèdì, ara a máa ni ín, oúnjẹ rẹ̀ a dín kù, wàrà rẹ̀ a sì tẹ̀ lé e. Nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ooru Sáríà a máa kọjá 35 lọ́sàn-án. Eégbọn wa kò tún fojú ire wò ó, àti àrùn ara tí àwọn Haúsá ń pè ní kirchi. Ẹni tí ó bá rí i tí ó ṣe dáradára ní òkè Jọ́ọ̀sì, kí ó rántí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ sí i. Jọ́ọ̀sì kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Friesian wúlò bí a bá mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ní ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn tí ó wà ní Ṣíkà lẹ́bàá Sáríà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń da Friesian pọ̀ mọ́ Búnájì. Abo Búnájì ní gàá kì í sábà fún olówó rẹ̀ ju lítà kan tàbí méjì lójúmọ́ lọ lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀. Ọmọ ìdajì-ìdajì tí ó rí oúnjẹ jẹ a máa fún ni ní ìlọ́po rẹ̀. Ní ọdún 1987, Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde, tí Cunningham àti Syrstad kọ. Wọ́n kó ìwádìí láti oríṣiríṣi ilẹ̀ olóoru jọ, wọ́n sì rí i pé wàrà ń pọ̀ sí i bí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ṣe ń pọ̀ sí i títí ó fi dé ìdajì. Lẹ́yìn ìdajì, èrè náà kò hàn mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó dá mi dúró fún ọjọ́ méjì gbáko nígbà tí mo ń túmọ̀. Mo wá pè é ní agbára àdàpọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ni pé bí ẹ̀yà méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn jìnnà síra bá bímọ, ọmọ náà a máa le, a máa yára dàgbà, a sì máa lóyún déédéé ju bí a ti lè retí láti ara bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìdajì-ìdajì bá tún gun ara wọn, ìlàjì agbára náà ti lọ. Àgbẹ̀ tí ó ti gbin àgbàdo àdàpọ̀ rí mọ ohun tí mo ń wí: ọdún kìíní, ọmọ rẹ̀ kún pápá; ẹni tí ó bá tún fi ọmọ yẹn ṣe irúgbìn, ojú rẹ̀ a là. Màlúù ìdajì-ìdajì, ìkórè ni. Kì í ṣe irúgbìn.

Ibí yìí gan-an ni àwọn olówó kékeré ti ń ṣìnà. Ènìyàn yóò ní abo mẹ́fà, yóò sì fi gbogbo wọn fún Friesian lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ojú wàrà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nínú mẹ́fà, bí ọdún bá dára, mẹ́rin lè bí. Méjì nínú ọmọ náà ni a lè retí pé yóò jẹ́ abo, ọ̀kan nínú wọn sì lè kú. Abo Búnájì kì í sábà bí àkọ́bí rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tí àwọn ìyá bá fi máa darúgbó, kò ní sí ọmọ Búnájì kan nílé tí yóò rọ́pò wọn, olówó náà yóò sì padà sí ọjà lọ ra ohun tí kò mọ ìran rẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ó mú méjì tí wàrà wọn pọ̀ jù fún Friesian, kí ó fi mẹ́rin fún akọ tí ó jẹ́ ẹ̀yà tiwọn. Àwọn ọmọbìnrin ìdajì-ìdajì ńkọ́, nígbà tí wọ́n bá tó gùn? Kí akọ ìbílẹ̀ gùn wọ́n, kí a máa fún wàrà ìyá, kí a sì ta ọmọ fún alápatà. Bí a bá tún dá wọn padà fún Friesian, a ti kọjá ìdajì nìyẹn.

Ẹnìkan lè bi mí pé, Brazil kọ́ ni ó da Gir ilẹ̀ Íńdíà pọ̀ mọ́ Friesian tí ó fi di Girolando? Bẹ́ẹ̀ ni, ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ rẹ̀ sì jẹ́ ti òyìnbó. Ṣùgbọ́n agbo tí kò níye ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ìran fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọdún 1996 ni ìjọba wọn sì tó kà á sí ẹ̀yà. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó ní màlúù mẹ́fà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìbímọ. A kì í fi akọ ńlá fún ìyá kékeré, pàápàá èyí tí kò bí rí, kí ọmọ má baà há sí i nínú. Fún N'Dama, Jersey tí kò tóbi, tí ọ̀rá wàrà rẹ̀ sì pọ̀, ni ó yẹ ju Friesian lọ. Àwọn olùwádìí ní Gambia ti ṣe irú ìdàpọ̀ náà. Ọmọ tí wọ́n bá bí kò ní le tó ìyá rẹ̀ níwájú eṣinṣin tsetse, nítorí náà dókítà ẹran kò gbọdọ̀ jìnnà. Kò sì pọn dandan kí a so akọ mọ́lẹ̀: àtọ̀ akọ tí wọ́n tọ́jú sínú ohun tí ó tutù ju yìnyín lọ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ tètè mọ ìgbà tí abo ń fẹ́ akọ. Lára màlúù oníké, ìgbà náà kì í pẹ́, òru ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí. Akọ tí a bá ní nílé, kí ó kúrò kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó tó gùn.

Ẹni tí yóò kó màlúù lọ sílé kò gbọdọ̀ gbàgbé òfin pẹ̀lú. Ekiti ṣe òfin lórí ìdaran ní 2016, Ọ̀yọ́ ní 2019, Èkó ní 2021. Inú ọgbà ni màlúù yóò wà, ọwọ́ olówó rẹ̀ ni oúnjẹ yóò sì ti wá. Koríko gígé, pòròpórò, èérí, kóró òwú: ìdajì-ìdajì tí kò bá rí wọ̀nyí jẹ, wàrà rẹ̀ kò ní ju ti Búnájì lọ, òun ni yóò sì kọ́kọ́ gbẹ.

Gbogbo èyí ni mo kà fún ẹ̀gbọ́n mi ní iwájú ilé rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò èérí kan ní Kàdúná báyìí, ó sì ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n má ṣe ta Búnájì méjì tí ó kù, kí wọ́n bá òun wá ọkọ̀ tí yóò kó wọn padà wá.