Ẹ Má Ṣe Fi Ìbínú Ta Abo Màlúù Tí Ìbí Ni Lára

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí abo màlúù bá rọbí títí tí a fi fa ọmọ rẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ a ní kí a tà á fún alápatà. Ní èrò tiwa, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó fà á.

Bí ẹsẹ̀ ọmọ ni ó ká sẹ́yìn, ìyá kò jẹ̀bi; ẹ dá a sí. Láti igbó Yorùbá títí dé Woji ní Port Harcourt, ilẹ̀ òjò ni. Muturu, màlúù kékeré tí kò ní iké, a máa fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń tàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń dín kù. Bí ẹ bá jẹ́ kí akọ ńlá gùn ún, ọmọ lè tóbi jù fún un: akọ ni kí ẹ pààrọ̀.

Ṣùgbọ́n bí egungun ìbàdí rẹ̀ bá há, tàbí tí ojú ara rẹ̀ ń yọ síta kí ó tó bí, ẹ tà á. Ìṣòro náà sábà máa ń padà wá.

Bí oyún bá bàjẹ́ nígbà tí ó ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àrùn brucellosis a máa ran ènìyàn: ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ibi ọmọ, ẹ se wàrà kí ẹ tó mu ún, ẹ má sì tà á fún àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ yín láti sìn.

Ọmọ màlúù a máa lo ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí òun náà tó bímọ. Ẹni tí ó bá fi ìbínú ta abo rere yóò dúró pẹ́ kí ó tó rí ìrọ́pò.