Ilé Ẹjọ́ Tí Kò Ní Adájọ́

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni kò ti sí adájọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní àjọ òwò àgbáyé, WTO, ní Geneva. Amẹ́ríkà ló kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kò ní yan ẹni tuntun. Ó ní àwọn adájọ́ ń kọjá àyè wọn, wọ́n sì ń gbè sẹ́yìn iléeṣẹ́ tí ìjọba Ṣáínà ń fowó tì lẹ́yìn. Ẹ̀sùn yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ ti ilé ẹjọ́ pa. Nígbà tí Ṣáínà wọ WTO lọ́dún 2001, oníbàárà ni Washington kà á sí. Lónìí, abánidíje ni. Ìjọba Obama ló bẹ̀rẹ̀ ìdínà náà, Trump mú un le, Biden kò sì tú u.

Bí alágbára méjì bá ti ń fura pé òfin ń ran ẹnì kejì lọ́wọ́, kálukú á máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Lọ́dún 2018, Amẹ́ríkà bu owó ibodè 25% lé irin ilẹ̀ òkèèrè, ó ní ààbò orílẹ̀-èdè ni. Ìgbìmọ̀ WTO dá a lẹ́bi ní ìparí 2022. Amẹ́ríkà pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn síbi tí kò ti sí adájọ́. Ọwọ́ Ṣáínà náà kò mọ́: lọ́dún 2020, kété lẹ́yìn tí Ọsirélíà béèrè ìwádìí lórí orísun àrùn kòrónà, ó gbé owó ibodè tó lé ní 80% ka ọkà báálì wọn.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn olówó ló ṣòfin WTO fún ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ òwú. Bràsíìlì pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ lọ́dún 2002 nítorí owó ìrànwọ́ tó ń fún àwọn àgbẹ̀ olówùú rẹ̀, tó ń já iye owó òwú wálẹ̀ lágbàáyé. Orílẹ̀-èdè Benin àti Chad wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tọ́rọ̀ kàn. Bràsíìlì borí, ó tún borí ní kòtẹ́milọ́rùn lọ́dún 2005. Òun nìkan ló gba 300 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n fi parí ìjà lọ́dún 2014, ó sì dùn mí fún àwọn àgbẹ̀ olówùú Banikoara ní Benin. Ṣùgbọ́n Benin rojọ́ níwájú adájọ́ tí Amẹ́ríkà kò lè pàṣẹ fún.

Wọ́n tún ń sọ pé ìfigagbága Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ṣe àwa ọmọ Áfíríkà láǹfààní, torí àwọn méjèèjì ń wá ojúure wa. Ẹni tó fúnni ní ojúure lè gbà á padà. Ní oṣù Kẹrin 2025, Amẹ́ríkà kéde owó ibodè 14% lórí ọjà Nàìjíríà; nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ó ti di 15%. Ọmọ Nàìjíríà, Ngozi Okonjo-Iweala, ló ń darí WTO nígbà náà. Síbẹ̀, bí Àbújá bá pẹjọ́ tó sì jàre, ìwé kòtẹ́milọ́rùn kan ṣoṣo láti Washington ti tó láti sọ ìdájọ́ náà di asán.