Ẹ Jẹ́ Kọ́mọ Fi Yorùbá Ṣàlàyé Iṣẹ́ Ilé Ìwé Rẹ̀

Tó bá ti di aago méje alẹ́, iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ti di iṣẹ́ ìyá nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta. Ọmọ ń tòògbé, ìyá ń pe ìdáhùn, ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ á fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ilé tówó wà á háyà tíṣà lẹ́sìn, tíṣà náà á sì máa pe ìdáhùn bákan náà.

Àjọ UNICEF ti sọ ọ́ léraléra pé nínú ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, nǹkan bíi mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé wọn, tí wọn kò sì lè yanjú ìṣirò tí kò le. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sá nílé ìwé o. Wọ́n ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n ń gbé báàgì, ẹ̀kọ́ ni kò wọlé.

Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé àwọn ti fagi lé e: Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ó ní èsì ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB kò dára níbi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ́dún 2023 kò tíì kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo ló fẹ́ ti bá ẹnikẹ́ni fìdí rẹmi nínú WAEC?

Àwọn tó dán an wò rí wà nítòsí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ilé ìwé St. Stephen's, Módákẹ́kẹ́, fún odidi ọdún mẹ́fà. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti kíláàsì kẹrin, wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Bí ilé ìwé bá wá gbé Yorùbá jù sílẹ̀, òbí ló kù tó lè gbé e. Iṣẹ́ náà kò sì le tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, nítorí ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹta kò ṣàjèjì nínú ilé: mímọ lẹ́tà àti ìró wọn, kíka gbólóhùn, ìròpọ̀, ìyọkúrò, owó, ìwọ̀n, ìmọ́tótó, ewéko àti ẹranko.

Ẹ mú ìṣirò. Ẹni tó bá ka márùndínláàádọ́ta ti yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Ogójì jẹ́ ogún lọ́nà méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́rin. Ìyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ ti wà lẹ́nu ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n kà, bí ẹnì kan bá ṣáà ti là á yé e. Ẹ fún un ní ẹgbẹ̀rún náírà kó fi ra nǹkan ẹgbẹ̀rin náírà, kó sì sọ iye ṣéńjì kó tó jáde. Bí ẹ bá ń wọn gààrí, ẹ bi í pé ìdajì kọ́ńgò mẹ́fà á jẹ́ kọ́ńgò mélòó. Ní ti sáyẹ́ǹsì, hóró ẹ̀wà mẹ́ta nínú òwú tútù ti tó, kó máa wò ó láràárọ̀, kó sì máa sọ ohun tó yí padà.

Ìwé kíkà ńkọ́? Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìró padà, nígbà tí lẹ́tà "a" nìkan ní ju ìró mẹ́ta lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi máa ń tètè mọ Yorùbá kà, á sì gbé ọgbọ́n síso lẹ́tà pọ̀ lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ti kọ́ àìmọye èèyàn bẹ́ẹ̀. Òbí tí kò bá mọ̀wé lè pa àlọ́, kó wá béèrè ìdí tí Ìjàpá fi ṣe ohun tó ṣe àti ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní kò ṣe é. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa ń wà lábẹ́ àyọkà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì.

Bí àsáìnmẹ́ǹtì bá dé, kí òbí má mú bírò. Kó ní kí ọmọ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí olùkọ́ kọ́ wọn. Ibi tí àlàyé bá ti dàrú ni kò yé e. Ibẹ̀ ni kí òbí dúró sí, tàbí kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé ìwé aládàáni kan ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ ọ́. Èsì Módákẹ́kẹ́ ti tó láti dá àwọn méjèèjì lóhùn. Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, kí àwọn òbí béèrè ìwé Yorùbá tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ń kà àti iye ìgbà tí wọ́n ń kà á lọ́sẹ̀. Ilé ìwé tó bá ṣì ń gba ìtanràn, kí wọ́n ní kó fòpin sí i kí wọ́n tó san owó táàmù tuntun.