Ẹ Ṣí Ìwé Ilẹ̀ Aláùsá Sílẹ̀ fún Aráyé

Ẹni tó bá ti gba Àjáh kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́ rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tó ń bí wa nínú fún un. Pátákó ìpolówó ilẹ̀ ló tò tẹ̀lé ara wọn láti Ṣàngótẹ̀dó dé Awóyáyà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé funfun, ọ̀nà ọlọ́dà àti géètì ńlá ni wọ́n sì yà sí gbogbo wọn. Lẹ́yìn pátákó, koríko àti àbàtà ni, àti òkúta ààlà mẹ́rin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ẹni tó ti sanwó tán yóò débẹ̀ lọ́jọ́ kan, yóò bá ọ̀dà pupa lára ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ: ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n tà fún un. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò bá ẹlòmíì tó ń po sìmẹ́ńtì lórí ilẹ̀ kan náà, tí rìsíìtì wà lọ́wọ́ òun náà, tó sì jẹ́ pé ẹbí kan náà ló fọwọ́ sí méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ débi pé kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, àìyanilẹ́nu yìí gan-an ló sì yẹ kó dójú ti àwọn tó ń ṣèjọba Èkó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibí kò ṣòro láti sọ. Kí ìjọba Gómìnà Jakande tó la ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, abúlé apẹja àti oko àgbọn ló pọ̀ jù ní etíkun náà. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki lé nǹkan bí 300,000 èèyàn kúrò ní Màrókò, ilẹ̀ tí wọ́n lé wọn kúrò lórí rẹ̀ sì di àdúgbò olówó. Ní 2006, ìjọba dá àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kkí sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2023 wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn, nígbà tó di oṣù Karùn-ún, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Gbogbo ìkéde wọ̀nyí ló ń gbé owó ilẹ̀ sókè kí ẹnikẹ́ni tó to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Àmọ́ òfin kan ti wà nílẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ ẹbí kan, ilé tó wà lórí rẹ̀ àti irè oko ni òfin náà ní kí wọ́n sanwó rẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní iye. Báyìí ni ìjọba ṣe gba ilẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí ìwé, tí wọn kò ṣe nǹkan kan sí púpọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹbí tó ni ín ṣì ń gbé orí rẹ̀ tí wọn kò sì rówó gbà. Wọ́n wá ń tà á. Láàárín ìwé tó wà ní Aláùsá, ibùjókòó ìjọba Èkó, àti koríko tó wà ní Ìbẹ̀jú ni gbogbo jìbìtì yìí ń gbé.

A kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Èsì kan wà tí a máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ké gbàjarè, òun ni a fẹ́ kọjú sí. Wọ́n á ní ojúkòkòrò ló pa àwọn tó rà á. Wọ́n á ní ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, tó fẹ́ fi náírà kan jẹ mẹ́wàá kí ọdún tó yí po, kò yẹ kó pariwo nígbà tí nǹkan bá dojú rú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń sọ ọ́, àwọn agbẹjọ́rò ń sọ ọ́, àwọn olóòótọ́ èèyàn pàápàá ń sọ ọ́ lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ yìí burú. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni wọ́n tún dá lẹ́bi olè, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ sì jókòó sí ọ́fíìsì láìfòyà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn tó ń rà á. Olówó tó fẹ́ fi ilẹ̀ ta tẹ́tẹ́ wà lára wọn lóòótọ́. Àmọ́ ta ni àwọn oní púlọ́ọ̀tì kan, oní ìdajì púlọ́ọ̀tì, tí wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù? Olùkọ́ ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, oníṣòwò tó yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n. Ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Peckham tàbí ní Houston, tó fẹ́ ní ibi tí yóò padà sí, wà nínú wọn. Owó náírà ń dínkù lọ́wọ́ ẹni tó bá fi í sí báǹkì, àwọn òbí wa sì ti fi yé wa tipẹ́ pé ilẹ̀ kì í jẹrà. Ọgbọ́n tí kálukú fi ń dáàbò bo èrè ìyà tó jẹ ni ilẹ̀ rírà jẹ́ fún wọn. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ojúkòkòrò kò mọ bí èèyàn ṣe ń tọ́jú owó ní ilẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí a ṣe ìwádìí kí a tó rà. Ẹ wo bí ìwádìí náà ṣe rí. Olùrà gbọ́dọ̀ rí ìwé súfèé gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, èyí tí onítọ̀hún sábà máa ń ní òun kò lè mú jáde àfi tí owó bá ti wọlé. Tó bá rí i gbà, yóò wá awọnlẹ̀ tí yóò bá a lọ gba àmì ilẹ̀ náà lórí pápá, nítorí ìwé ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n lè mú fún un. Yóò gbé àmì náà lọ sí ọ́fíìsì Súfèyọ̀ Àgbà ní Aláùsá, kí wọ́n bá a wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Bó bá bọ́ sínú rẹ̀, yóò tún béèrè irú gbígbà tó jẹ́, nítorí èyí tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó kò ṣeé gbà padà láéláé, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní gbígbà lásán ṣì ṣeé sanwó tún ṣe. Yóò kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé ìfìwéilẹ̀pamọ́, yóò sanwó níbẹ̀ náà. Gbogbo èyí lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo tó lè má rà níkẹyìn. Ọmọ wa tó wà ní Peckham yẹn, bó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ilé tó ń háyà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ilẹ̀ Íńgílándì ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti oṣù Kejìlá ọdún 1990. Owó pọ́ùn díẹ̀ ni yóò san lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìdáhùn yóò sì dé kó tó sùn. Ilẹ̀ baba rẹ̀ ni kò lè wádìí. Ẹ má pe ẹni tí ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ní aláìbìkítà.

Kì í sì ṣe Èkó ni ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò ti kọ́kọ́ jáde. Láàárín 1920 sí 1926, irú ìyáwèrè ilẹ̀ kan náà gba etíkun Florida ní Amẹ́ríkà. Ní Miami, ìwé ìdìmú ni wọ́n ń tà: èèyàn yóò san ìdá kan nínú mẹ́wàá, wọ́n á fún un ní ìwé, yóò sì ta ìwé náà fún ẹlòmíì ní òpópónà kí ọjọ́ sísan owó tó kù tó pé. Èrò pọ̀ níta débi pé ìlú náà ní láti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ tàbí na máàpù ilẹ̀ ní títì. Nǹkan gidi wà láàárín rẹ̀: Coral Gables tí George Merrick kọ́ ṣì wà títí dòní. Nǹkan gidi yẹn ló mú kí ayédèrú rọrùn láti gbà gbọ́, bí ilé ìfọpo Dangote ṣe mú kí àbàtà dà bí wúrà lónìí. Àwọn kan polówó ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Nettie, tí wọ́n ní ó ń gbèrú. Ibùdó tí wọ́n ti ń gba oje igi, tí wọ́n ti pa tì, ló wà níbẹ̀. Charles Ponzi, oníjìbìtì tí gbogbo ayé mọ̀, ta ilẹ̀ tó ní ó wà nítòsí Jacksonville. Ó tó kìlómítà 100 sí ìlú náà, ó sì gé éékà kan sí púlọ́ọ̀tì 23. Ìjọba Florida alára wà nídìí rẹ̀: ní 1924 wọ́n fi òfin ìpìlẹ̀ wọn dè é pé kò sẹ́ni tí yóò san owó orí lórí owó tó ń wọlé tàbí lórí ogún, kí àwọn olówó lè wá. Ìjì líle ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1926 ló parí rẹ̀. Owó tó ń gba àwọn báǹkì Miami kọjá, tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là kan ní 1925, kò ju mílíọ̀nù 143 lọ mọ́ ní 1928.

Wọ́n bú àwọn tó pàdánù nígbà náà pẹ̀lú. Wọ́n ní òmùgọ̀ ni wọ́n, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni èébú náà mú wá? Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, wọ́n tún ń ta ilẹ̀ inú irà ní Florida kan náà fún àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí. Ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1968 ni nǹkan yí padà: oníṣòwò ilẹ̀ tó ń tà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ forúkọ ilẹ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì gbọ́dọ̀ fún olùrà ní ìwé tó sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́ kó tó fọwọ́ sí àdéhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olùrà lè gba owó rẹ̀ padà. Ó gbà wọ́n ní ohun tó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn ìjì náà. Èyí tí a ń bẹ ìjọba Èkó fún ni pé kó má gba àwa náà ní ogójì ọdún.

Àwọn kan á ní òfin ti wà ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni, òfin tí Gómìnà Ambode fọwọ́ sí ní 2016 lè fi ajagungbalẹ̀ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún 21. Òfin dáadáa ni. Àmọ́ ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti gba owó tàbí tí ìjà ti ṣẹ̀ ló tó dé. Owó kì í bá ẹlẹ́wọ̀n padà wálé.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ń fẹ́, tí gbogbo yòókù rọ̀ mọ́, ni kí ìjọba fi máàpù gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí àti Ẹ̀pẹ́, lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò lè sọ pé kò sí. Gbogbo awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló ń kó ẹ̀dà súfèé, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́pì pupa, lọ fún Súfèyọ̀ Àgbà. Ààlà ilẹ̀ tí ìjọba gbà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá olùrà lóhùn. Iṣẹ́ tó kù ni kí wọ́n jẹ́ kí ojú ríran. Kí èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀, kí èyí tí wọ́n ti dá padà fún ẹbí nínú gásẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀. Wọ́n á ní yóò tú àṣírí àwọn onílẹ̀ síta. Kò sí ẹni tó béèrè iye owó tí ẹnikẹ́ni ní. Ipò ilẹ̀ ni a béèrè, gásẹ́ẹ̀tì sì ni ìjọba fi ń kéde rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èkejì bá a lọ. Kò sí ẹni tó lè ta omi inú ọ̀rá láìsí nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ọmọ kékeré mọ̀ pé kó wò ó. Kí ilẹ̀ náà ní nọ́ńbà: kò sí pátákó, kò sí ìpolówó rédíò, kò sí ìwé ìléwọ́ tí kò ní gbé nọ́ńbà máàpù ilẹ̀ tó ń tà, kí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kó rí ipò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò tó bá polówó ilẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà, kó san owó ìtanràn.

Ẹ̀kẹta le jù, ṣùgbọ́n láìsí i, jìbìtì kò ní tán: kí ìjọba dá ilẹ̀ tí wọ́n gbà tí wọn kò lò padà fún ẹbí tó ni ín, tàbí kí wọ́n san iye rẹ̀ gidi. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ ìdílé Olúwa, Olóyè Amodu Tijani gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òyìnbó dá ẹjọ́ pé ìdílé náà ni wọ́n ni ilẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Ó jẹ́ ìtìjú pé ẹbí kan ní Ìbẹ̀jú lónìí ní ẹ̀tọ́ tó kéré sí èyí tí ìdílé Olúwa gbà lọ́wọ́ amúnisìn. Ẹbí tí wọ́n ti sanwó fún ní tòótọ́ kò ní àwáwí mọ́ bó bá tún un tà.

Àwọn yòókù: kí owó olùrà wà lọ́wọ́ ẹnìkẹta títí ìwé yóò fi pé, kí olùrà ní ọjọ́ mélòó kan láti yí ọkàn padà, kí wọ́n fi orúkọ gbogbo ajẹ́ńtì sílẹ̀, kí wọ́n fi òpin sí owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó orùlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé, kí ilé ẹjọ́ kan wà fún ilẹ̀ nìkan, kí ẹni tó bá fi ọjọ́ 1977, ìyẹn kí Òfin Lílo Ilẹ̀ tó dé, kọ ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lóde òní lọ sẹ́wọ̀n.

Wọ́n á ní Òfin Lílo Ilẹ̀ wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin Àbújá àti àwọn ìpínlẹ̀ ló lè yí i padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò kan máàpù, kò kan nọ́ńbà, kò kan dídá ilẹ̀ padà, èyí tí gómìnà ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ wá nípasẹ̀ gásẹ́ẹ̀tì. Ilé aṣòfin Èkó lè ṣe wọ́n fúnra rẹ̀. Kí wọ́n fi máàpù Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí àti Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọjà ilẹ̀ ti gbóná báyìí, kí wọ́n sì gbé e jáde kí ìkéde iṣẹ́ ńlá mìíràn tó tún gbé owó ilẹ̀ sókè.