Apànìyàn Tí Gbogbo Wọn Ti Mọ̀

Láìpẹ́ yìí ni a bá àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ jókòó nínú ilé kan ní Thomas Estate, ní Àjà, tí wọ́n ń wo fíìmù The Origin: Madam Koi-Koi. Kò pẹ́ rárá tí ọmọ ọdún 14 kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka: "Èyí ló kàn. Tọ̀hún ló máa tẹ̀ lé e." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì ń rí. Apànìyàn kò kúkú pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sára fíìmù!

Ẹ̀yin tí ẹ gbé bọ́dìn-háùsì rí mọ obìnrin yìí dáadáa: olùkọ́ tó rorò, tó ń wọ bàtà gogoro pupa, tó kú, tó wá ń rìn káàkiri yàrá àwọn ọmọ lóru, kò-í, kò-í, kò-í. Ní Ghana, Madam High Heel ni wọ́n ń pè é. Jay Franklyn Jituboh ló darí fíìmù náà, Netflix sì gbé apá kìíní jáde ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 2023. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù lójú tiwa, kì í ṣe fún ọmọ kékeré. Síbẹ̀ kò dẹ́rù bani tó ìtàn tí àwọn ọmọ bọ́dìn ń fẹnu sọ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa iná.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú fíìmù yìí ti wà. Ọ̀dọ́ kan á gbọ́ ariwo lóru, á sì lọ wò ó lóun nìkan (a kò mọ ìdí tí wọn kì í fi í jí ẹnì kejì). Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń fà á. Nínú Friday the 13th, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1980, ìyá kan ló ń pa àwọn ọ̀dọ́, nítorí ọmọ rẹ̀ ti kú sómi nígbà tí àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ ń ṣe fàájì tiwọn. Nínú ti Madam Koi-Koi, àwọn ọmọkùnrin tó ń fipá bá ọmọbìnrin lòpọ̀ nílé-ìwé ni ìwin náà ń lépa. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún 14 fi lè mọ ẹni tó kàn.

Nígbà tí fíìmù dé ibi ìfipábánilòpọ̀ náà, gbogbo ariwo inú yàrá rọlẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́." A kò bi í níwájú àwọn yòókù. Ìyá tó ni ilé pè é sí yàrá lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe ti ojú ewé yìí.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ọmọ á sì ti sùn ká tó dé. A mọ iye owó ilé-ìwé, a kò mọ orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ ibi tí ọmọ ń sùn. Bí ọmọ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a ó ní, "Má kó ìtìjú bá wa." Bó bá wá jẹ́ òṣìṣẹ́ inú ìjọ ni ọmọ dárúkọ ńkọ́? Ṣé a ó parí rẹ̀ láàárín ara wa ni? Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá àjọ DSVA sílẹ̀ ní 2021 fún irú ọ̀ràn báyìí. Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì tíì wẹ̀ ẹ́ kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àdúrà kò dí èyí lọ́wọ́.

Ilé-ìwé máa wọlé láìpẹ́, ẹ ó di gàrí, mílíìkì àti ọṣẹ sínú àpótí. Kí ẹ tó tì í pa, ẹ pa tẹlifíṣàn, ẹ jókòó ti ọmọ, ẹ bi í pé ẹ̀rù ta ló ń bà á nílé-ìwé. Bó bá pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ dúró dè é.