Ọ̀RỌ̀ ÌLERA: Ohun Tí A Ó Bi Dókítà Kí Ó Tó Fi Abẹ Kan Ọyàn

Ìròyìn ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú wà ní ojú ewé tí ó tẹ̀lé èyí. Ọ̀rọ̀ tiwa lóṣù yìí ni èyí tí àwọn ìyá méjì mú wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé, tí wọ́n ní kí a má ṣe fi bò mọ́. Ọmọbìnrin kan láàárín wa, tí ó ń tajà ní ọjà Oliha, ti kó àjọ rẹ̀, ó sì fẹ́ lọ sí Èkó láti ṣe iṣẹ́ abẹ tí yóò mú kí ọyàn rẹ̀ tóbi sí i. Ìyá rẹ̀ ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun. Ọmọ ní owó òun ni. A sì ti gbọ́ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń rò ó.

A kò kọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n gé ọyàn rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, ẹni tí ọyàn rẹ̀ kan kéré sí ìkejì láti ìgbà tí ó ti bàlágà, ẹni tí ọmọ mẹ́rin ti mu ọmú rẹ̀ gbẹ, olúkúlùkù ni ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nínú dígí. Ohun tí ó ká wa lára ni ìdákẹ́jẹ́.

Ẹ wo obìnrin wa ní ọjà yìí, ọjà tí ó ń jẹ́ orúkọ Oliha, olórí àwọn Uzama afọbajẹ. Bí ó bá fẹ́ ra àpò gààrí kan, yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, yóò bu díẹ̀ sẹ́nu, yóò béèrè ọjọ́ tí wọ́n yan án, yóò sì ná an títí ẹni tí ń tà á yóò fi máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìbínú. Bí ó bá jẹ́ aṣọ, yóò tú u, yóò gbé e sí oòrùn wò. Obìnrin kan náà yìí, bí ó bá dé iwájú dókítà tí ó wọ aṣọ funfun, "ẹ ṣé, sà" nìkan ni yóò máa wí. Wọ́n tọ́ wa pé a kì í da ìbéèrè bo ẹni tí ó mọ̀wé jù wá lọ. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Ṣùgbọ́n ara ẹni ni wọ́n fẹ́ gé. A lè kúnlẹ̀ kí a sì béèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé owó tàbí ipò ni yóò gba òun. Gbogbo wa ní ìpínlẹ̀ Edo yìí ni a rántí Stella Ọbásanjọ́, ọmọ Iruekpen ní ilẹ̀ Esan, aya ọmọ Abẹ́òkúta tí ó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà. Ó lọ sí Marbella ní ilẹ̀ Spain fún iṣẹ́ abẹ ẹwà, wọ́n fẹ́ fa ọ̀rá kúrò ní ikùn rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, nígbà tí ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó pé ẹni 60 ọdún. Ní 2009 ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ dá dókítà náà lẹ́bi àìbìkítà: ẹ̀wọ̀n ọdún kan, ọdún mẹ́ta láìfọwọ́ kan iṣẹ́, àti 120,000 yúrò fún ọmọ olóògbé. Iṣẹ́ abẹ ọyàn kọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí a béèrè. Èkó náà rí tirẹ̀ ní ọdún 2020, nígbà tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà, ti ilé iṣẹ́ abẹ ẹwà kan pa lẹ́yìn tí ìròyìn jáde pé obìnrin kan kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ta ni yóò mú abẹ náà lọ́wọ́ gan-an? Kì í ṣe ẹni tí ó gbowó, kì í ṣe ẹni tí ń fi àwòrán sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo dókítà ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Medical and Dental Council of Nigeria, tí ó sì gbọ́dọ̀ máa gba ìwé àṣẹ tuntun lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ibà wò lè máà mọ bí a ti ń tún ara ṣe. Ẹ béèrè bóyá ó gba ìwé ẹ̀rí àgbà nínú iṣẹ́ plastic surgery láti National Postgraduate Medical College tàbí West African College of Surgeons. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ní i kì í lọ́ra láti fi hàn. Ẹ béèrè iye ọyàn tí ó ti ṣe, àti iye tí ó ní láti tún ṣe nínú wọn. Ẹ béèrè pẹ̀lú nípa ẹni tí yóò fún yín ní oògùn tí ń múni sùn, nítorí oògùn náà lè yára pani ju abẹ lọ bí ẹni tí ń ṣọ́ ọ kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ni ẹ fẹ́ fi sí mi lára? Àpò kékeré ni, tí a fi silicone ṣe. Omi iyọ̀ wà nínú òmíràn, silicone tí ó rọ̀ bí ògì tí ó dì wà nínú òmíràn. Ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ni dókítà méjì, Thomas Cronin àti Frank Gerow, ti kọ́kọ́ fi irú ti silicone sí ara obìnrin ní ọdún 1962. Obìnrin náà, Timmie Jean Lindsey, kò tilẹ̀ tìtorí rẹ̀ wá. Àwòrán tí wọ́n fín sí i láyà ni ó fẹ́ kí wọ́n bá òun pa rẹ́. Ó ní etí òun ni òun ìbá kúkú fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, síbẹ̀ ó yẹ kí ẹni tí ń lọ bi ara rẹ̀ pẹ̀lú: èmi ni mo fẹ́ ẹ ni, àbí ẹlòmíràn ni ó sọ fún mi pé mo ní àléébù?

Ẹ béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe àpò náà, ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀, àti bóyá NAFDAC mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ Faransé kan tí wọ́n ń pè ní PIP fi silicone tí kì í ṣe ti ìṣègùn kún àpò tirẹ̀, kí èrè lè pọ̀. Ọdún 2010 ni àṣírí tú, nígbà tí obìnrin bí 300,000 káàkiri ayé ti gbé e sára. Wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún olórí ilé-iṣẹ́ náà, Jean-Claude Mas, ní 2013. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ Allergan kó irú kan tí ara rẹ̀ kò dán, tí ń jẹ́ Biocell, kúrò lọ́jà, nítorí oríṣi jẹjẹrẹ kan tí ó ṣọ̀wọ́n tí wọ́n rí lára àwọn tí ó lò ó. Nítorí náà ẹ béèrè bóyá ara àpò náà dán. Kí wọ́n fún yín ní káàdì rẹ̀, kí ẹ sì fi í pamọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ná owó yìí. FDA, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ gbangba pé àpò wọ̀nyí kì í ṣe ohun àlòkú. Bí ó bá ti ń pẹ́ sí i lára ni ó ń súnmọ́ pé kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ó lè ya láìdun ẹni. Ara lè fún un mọ́ra kí ọyàn sì le gbandi. Fún ti silicone, wọ́n ní kí a lọ ya àwòrán inú ọyàn, ultrasound tàbí MRI, lẹ́yìn ọdún 5 sí 6, kí a sì máa tún un yà ní ọdún 2 sí 3 síra. Wọn kò fọwọ́ sí ti silicone fún ẹwà lára ẹni tí kò tíì pé ọdún 22, wọn kò sì fọwọ́ sí ti omi iyọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé 18. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ bí ẹ ti ń ṣírò ọjà. Ẹni 30 ọdún tí ó ṣe é lónìí lè padà sórí tábìlì kí ó tó pé 45. Àjọ kan kò kájú rẹ̀. Bí ó bá ya lọ́dún kejì, ta ni yóò san án? Kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹni tí ó ṣì fẹ́ bímọ, kí ó béèrè ibi tí wọn yóò ti là á: abẹ́ ọyàn ni, abíyá ni, tàbí etí orí ọmú. Ọ̀pọ̀ ṣì ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ọyàn ẹlòmíràn a máa dínkù, pàápàá bí wọ́n bá là á ní etí orí ọmú, ibẹ̀ sì lè kú tipiri. Àpá a máa wú lára púpọ̀ nínú wa. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti lu etí yín. Bí ó bá wú níbẹ̀, ó lè wú láyà. Ẹ sọ genotype yín, ẹ sọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ sìgá, ẹ sì sọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu, títí kan èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ. Òmíràn nínú wọn a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ dà jù. Ní ti àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ fa silicone sí ènìyàn lára nínú yàrá ìṣerunlóge, a kò ní ìbéèrè fún wọn. Ẹ sá.

Èyí tí àwa fi ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni ti òru. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ní agogo méjì òru, ta ni yóò gbé fóònù? Ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, ǹjẹ́ atẹ́gùn oxygen wà, ǹjẹ́ iná kò ní lọ? Ilé ìwòsàn ńlá wo ni wọn yóò sáré gbé mi lọ? Ọjọ́ mélòó ni mo gbọ́dọ̀ dúró kí n tó wọkọ̀? Gbogbo wa mọ ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, a mọ bí ènìyàn ti lè jókòó gbagidi sínú mọ́tò níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lè dì ní ẹsẹ̀ níbi ìjókòó gígùn bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pani. Kí dókítà kọ lẹ́tà tí ẹ ó mú dání padà sí Benin. UBTH wà ní Ugbowo láti ọdún 1973. Ẹ tilẹ̀ lè kọ́kọ́ lọ bá àwọn dókítà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbéra lọ sí Èkó rárá.

Dókítà tí ó bá bínú sí ìbéèrè, tàbí tí ó ní òun yóò dín owó bí ẹ bá san án lónìí, kí ẹ dá a lóhùn pé ẹ ń bọ̀, kí ẹ sì mú àpò yín.

Ẹ̀yin ìyá, a mọ̀ pé inú ń bí yín. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń yọ́ lọ ni ẹ̀rù wọn ń bà wá jù, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí wọ́n wà, kò sí ẹni tí yóò pariwo fún wọn. Bí ọmọ kò bá gbà, ẹ bá a lọ. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ béèrè èyí tí ó gbàgbé. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí ìyá òun mọ̀, kí ó fi orúkọ dókítà, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ibẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnìkan tí ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ti sọ pé ẹni tí ó bá ń wá ẹni tí yóò bá òun lọ rí dókítà, ní Benin níbí tàbí ní Èkó, kí ó dúró dè wọ́n lẹ́yìn ìpàdé. A kò ní gbé orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yìí.